Ibi Tí Aláàárù Dáa Sí, Ibi Tí Kò Dáa Sí

Ní yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ aṣọ, Ìyá Àbùkù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe èébú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ọdún méjìlélógún ló ti fi dúró nídìí tábìlì onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, tí aṣọ ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí òun sì ń wá ibi tí òwú ti já, ibi tí aró kò mu, ibi tí ọ̀rá ẹ̀rọ ta sí. Bó bá ti rí i, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbẹ̀. Òfin wọn kò le: ìdì aṣọ tó bá ti ní àbùkù mẹ́ta, àkísà ni. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ibo ló dáa lára aṣọ. Ta ló ráyè ìyẹn?

Irú iṣẹ́ báyìí a máa bá èèyàn délé. Bí wọ́n bá gbà á lálejò, ògiri tó lanu ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń rí. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé bí òun bá fẹ́ mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára òun, òun kò nílò dígí. Bí àwàdà ló ṣe ń sọ ọ́, àwọn méjèèjì a sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọkọ kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì padà.

Ẹni tó kù fún un nílé ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Bíríkìlà ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló jábọ́ lórí pákó tí wọ́n fi ń gun ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú. Dókítà ní ọwọ́ kò ní í bá a lọ. Ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: láti ọdún tó kọjá ni ìka ọkùnrin náà ti ń rọ, tí ife tíì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àbùkù ló ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga dé ilé ìwẹ̀, láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, àti nírọ̀lẹ́ tó bá dé. Ọkùnrin náà wúwo. Ẹni tó sì ń gbé e ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kò sí ẹni tó ń bá a gbé e.

Ní oṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ Ìyá Àbùkù yọ̀ nílé ìwẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ṣubú lulẹ̀. Inú omi ni wọ́n wà fún bíi wákàtí kan kí aládùúgbò tó gbọ́ igbe wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ méjì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Àbùkù fi lọ gba fọ́ọ̀mù nílé ìtọ́jú kan tó wà ní òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí kò lè dá rìn. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn á bá a mú un dání títí di ọjọ́ Ajé kan báyìí. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sọ fún àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbé e lọ tó fi gbé e bọ̀. Wọ́n pín ojú ìwé kejì sí méjì: ohun tí aláìsàn lè dá ṣe, àti ohun tí kò lè dá ṣe. Ó ti kọ apá kejì kún dẹ́nu. Apá kìíní ṣì funfun.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ni ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sínú yàrá kò gbẹ, gbogbo ilé ń rùn tútù. Bíríkìlà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di fóònù yìí mú. Ìka mi ò gbọ́ tèmi lónìí.”

Géèmù kan wà lórí fóònù náà. Ẹni tó bá ń gbá a á kó àwọn èèyàn jọ, á máa kó wọn rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á máa jà, wọ́n á máa lágbára sí i. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan wà tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́: ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó pọn ẹrù sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń mú un rìn jìnnà. Bí ẹni tó sàn jù ú lọ bá ti wọlé, wọ́n á lé e, gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà kò lé tirẹ̀. Aláàárù ló sọ ọ́, ó sì ti bá a rìn fún ọdún mẹ́rin, láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti gbé òun fúnra rẹ̀ dé láti ọsibítù.

Ìyá Àbùkù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Kí ni kí n tẹ̀?”

“Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Afárá kan ló wà níwájú wa yìí, èèyàn mẹ́rin péré ló lè gbà. Márùn-ún la sì jẹ́. Ẹ bá mi yẹ Aláàárù wò. Ibi tó dáa sí, ibi tí kò dáa sí. Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn?”

“Èmi tí mi ò mọ̀ ju òwú lọ.”

“Ẹ ṣe bí ẹni pé aṣọ ni.”

Ó fa gíláàsì ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti orí irun. Wọ́n to nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà: agbára, mẹ́ta; ìyára, méjì; ọgbọ́n, mẹ́rin; ìfaradà, mọ́kàndínlógún. Ojú rẹ̀ lọ síbi tí ojú rẹ̀ máa ń lọ.

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo,” ó wí. “Àwọn yòókù á ti débi tí wọ́n ń lọ, òun á ṣì máa bọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò lágbára, ọ̀tá á ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lu ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan. Oúnjẹ ẹni méjì ló ń jẹ. Wọ́n tún kọ ọ́ síbí pé ibi tó lè dàgbà dé ló dé yìí, kò lè jù báyìí lọ mọ́.” Ó ka ìka rẹ̀. “Mẹ́rin. Àkísà ni.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹyin lohùn. Bíríkìlà ń wo àjà, ojú rẹ̀ kò yí padà.

“Ibi tó dáa sí ńkọ́?”

Ìyá Àbùkù tún wo Aláàárù. Ó sún fóònù mọ́jú, ó sún un jìnnà. Ojú ń tì í díẹ̀, bí ojú ṣe ń ti àgbàlagbà tí wọ́n ní kó wá kọrin láàárín àwùjọ. Ó tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè, díẹ̀díẹ̀.

“Òun ló ń bá àwọn yòókù ru ẹrù,” ó wí níkẹyìn. “Ìyẹn ni wọ́n fi ń rí ẹsẹ̀ sáré. Tí wọ́n bá sì ń lù ú, kì í tètè ṣubú. Wọ́n ní kò sá rí.”

“Kò sá rí,” àbúrò rẹ̀ wí. “Ó dáa. Kí la máa wá ṣe sí i? Ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ lé lọ́wọ́.”

Báàgì iṣẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ìyá Àbùkù mọ̀ pé òun kò lè gba àbúrò òun sílẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ó kéré tán, òun lè gba oníkùn ńlá yìí sílẹ̀ lónìí. Ó tẹ àwòrán Aláàárù. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú fóònù: Ṣé kí a fi í sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú géèmù, bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Bí wọ́n bá ń na ọmọ, tí ìyá ní “Ẹ fi í sílẹ̀!”, ṣé kì í ṣe pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́ ni? Bí ọkọ bá wá fi aya sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àánú ni lẹ́nu ẹnì kan, ìkọ̀sílẹ̀ ni lẹ́nu ẹlòmíràn. Ti ìyá ọmọ ni Ìyá Àbùkù gbọ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó wà níbi tó wà. Ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ sì dùn.

Aláàárù sọ ẹrù kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹrí ba fún àwọn yòókù. Ó wá yí ẹ̀yìn padà, ó gba ọ̀nà tí wọ́n bá wá lọ, ó ń kéré sí i títí tí a kò fi rí i mọ́. Fóònù kọ ọ́ pé kò ní í lè padà wá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tẹ̀?”

“Wọ́n ní ṣé kí wọ́n fi í sílẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ lé e lọ!”

“Èmi kẹ̀? Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ni!”

“Ohun témi náà ń sọ nìyẹn!”

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bíríkìlà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Ìyá Àbùkù tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ń wá ibi tí wọ́n ń gbà pe èèyàn padà. Kò sí i.

“Má bínú, àbúrò mi.”

“Mi ò bínú. Ilé ìtọ́jú yẹn pè mí.”

Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. “Ìgbà wo?”

“Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà fọwọ́ sí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi á bá mi sọ ọ́. Mo wá ń retí yín.”

“Aláàárù tí o ní kí n yẹ̀ wò yẹn…”

“Mo kàn fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ni. Ẹ ò purọ́.”

Ì bá sàn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká ní ó bú u. Ó dìde, ó lọ mú fọ́ọ̀mù wá, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Àbúrò rẹ̀ ní kó kà á sí òun létí. Ó kà á: kò lè dá dìde, kò lè dá wẹ̀, kò lè dá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bíríkìlà ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹ ògiri tí ẹlòmíràn mọ wò.

“Ẹ gbàgbé ife,” ó wí. “Mi ò lè di ife mú mọ́.”

Ó kọ ọ́ sí i. Ní apá tó funfun, àbúrò rẹ̀ ní kó kọ ọ́ pé òun lè sọ̀rọ̀, òun sì lè jẹun bí wọ́n bá fi sí òun lẹ́nu. Ó kọ ìyẹn náà. Ìbéèrè kan ló wá kù nísàlẹ̀ ìwé: kí ló dé tí ẹ fi ń mú un wá?

“Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ.” Ó yára sọ ọ́, ó hàn pé ó ti ní in nílẹ̀. “Bí àwọn ẹbí bá bi yín, ẹ ní èmi ni. Kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi.”

“Ṣé o fẹ́ lọ?”

“Ẹ ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ní, ṣé o fẹ́ lọ?”

“Ta ló máa fẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ìyá Àbùkù gbé bíírò sókè. Ó pẹ́ kó tó fi kan ìwé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, kò dúró kí wọ́n ní kó kà á.

“Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń mú un wá. Kò fẹ́ wá. Agbára mi ló tán.”

“Ẹ tún un kà,” àbúrò rẹ̀ wí.

Ó tún un kà. Bíríkìlà yí ojú sí ògiri, ó sì sunkún, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti jábọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í, fọ́ọ̀mù lórí itan rẹ̀, títí tí ilẹ̀ fi ṣú.