Ẹ̀gẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ní Ó Dùn

Bí wọ́n bá ti kó ẹ̀gẹ́ dé láti oko ní Diabo, ìyá ọkọ mi ló máa ń kọ́kọ́ gé díẹ̀ ní tútù, tí wọ́n á rún un lẹ́nu, tí wọ́n á tu ú dànù. Bí wọ́n bá ní, "Ó dùn," a ó sè é jẹ. Bí wọ́n bá ní, "Ó korò," a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀ dànù, torí májèlé ni. Wọ́n á máa yangàn pé, "Ahọ́n yìí ló tọ́ ọkọ rẹ dàgbà."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó dùn. Mo sè é. Kí n tó bù ú fáwọn ọmọ, mo ju díẹ̀ nínú èyí tó kù ní tútù sẹ́nu. Ó korò bí ewúro! Àbíkẹ́yìn mi ti mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó ń fẹ́ ẹ. Mo já a gbà.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Màmá, ó korò."

Wọ́n jẹ ẹ́ wò, wọ́n tún un jẹ. "Ahọ́n mi ò mọ adùn, kò mọ ìkorò mọ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ wo ló ti gbé e mì?"

Kò sí, ọpẹ́ ni. Àtọjọ́ náà, èmi ni mò ń tọ́ ẹ̀gẹ́ wò. Èmi náà ti darúgbó báyìí. Kí n tó sọ pé ó dùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jẹ ẹ́.