Àpò Kòkó Tí Wọ́n Fi Orúkọ Gabriel Pè

Èmi ni mo bá Hannah kọ fọ́ọ̀mù náà, ẹni tó bá ń wá ẹlẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1988, tíṣà ni mí ní Omifunfun. Ìjọba ti gbé mi kúrò láàárín àwọn ará mi ní Ọ̀yọ́ wá sínú igbó kòkó, owó oṣù mi sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tó bá mọ bíírò dì mú lábúlé nígbà náà, òun ni akọ̀wé gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ó ń jẹ́ kí n rò pé mo gbọ́n.

Opó ni Hannah. Ọkọ̀ agégẹdú ló dà lu Gabriel ọkọ rẹ̀ lọ́nà Ore lọ́dún tó ṣáájú. Ọkùnrin náà fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Glory, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti àbúrò rẹ̀ méjì. Ó tún fi oko kòkó tó ti ń so dáadáa sílẹ̀. Wọn ò tíì parí ìsìnkú tí Benson, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi sọ pé òun yóò máa bójú tó oko náà títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó bá a jà. Kòkó tó bá jáde, Benson ló ń tà á. Hannah ń bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń din gàrí, gàrí náà ni wọ́n sì fi ń sanwó fún un.

Ìlú le. Gbogbo nǹkan ló gbówó lórí, àwọn sójà sì ń sọ lórí rédíò pé kí a fara dà á, bí ẹni pé a ní nǹkan mìíràn tí à ń ṣe. Benson ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí Hannah jẹ́ kí Glory lọ sí Èkó, lọ́dọ̀ obìnrin aláṣọ kan tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀, kí ẹnu kan lè dín nídìí ìkòkò. Hannah kọ̀ jálẹ̀. Nínú kíláàsì mi, kò sí ọmọ tó mọ̀wé kà tó Glory.

Ìgbà náà ni a gbọ́ pé ìjọba ti gbé owó kan kalẹ̀ fún ìdílé tí kò ní. Ọgbọ̀n náírà lóṣù ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san án, ní ọ́fíìsì kan nítòsí gáréèjì Ore. Ẹni tó bá ní oko kòkó kò lè gbà á. Ẹni tó bá sì ń gbà á gbọ́dọ̀ máa wá sọ ohunkóhun tó bá wọlé fún un láàárín oṣù mẹ́ta náà, kí ó tẹ ìka sí i.

"Ẹ ní oko kòkó àbí ẹ ò ní?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ níwájú ilé mi, fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi.

Ó wolẹ̀. "Tíṣà, oko aba Glory wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un dání. Éè sí ighó kan tó ti ibẹ̀ dé ọwọ́ mi."

Yorùbá gbogbogbò ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dùn wọ́n, Ìkálẹ̀ wọn a yọ jáde. Ohun tó sọ yé mi: oko bàbá Glory ni, ṣùgbọ́n kò sí owó kankan tó ti ibẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ "Kò ní." Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì fẹ́ da ara mi láàmú.

Ní oṣù kẹjọ, ó gba àádọ́rùn-ún náírà. Ó san owó ilé-ìwé Glory, ó ra àpò ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù fún un, ó ra ọṣẹ àti ẹja gbígbẹ. Benson kò mẹ́nu ba Èkó mọ́.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí oṣù kọkànlá. Ilé ni wọ́n ń pè lọ́jọ́ yẹn, bí baálé bá sì kú, wọn kì í yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ilé rẹ̀ má bàa dà bí èyí tó ti tú. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ pe ìdílé olóògbé Gabriel, Benson ló dìde. Ó ní kí wọ́n gbé odidi àpò kòkó kan wọlé, ó sì ké sókè pé, "Láti oko àbúrò mi!" Ìjọ hó yèè. Hannah jó jáde, ó di etí àpò náà mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fádáre, ọ̀gá ọ́fíìsì Ore, tí wọ́n pè wá gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, ń pàtẹ́wọ́ bíi tiwa.

Nígbà tí Hannah lọ jábọ̀ ní ìparí oṣù náà, mo bá a lọ. Fádáre kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

"Ìyá Glory, ẹ ní kò sí ohun tó wọlé ju gàrí lọ," ó wí. "Àpò kòkó wo ni mo rí lọ́jọ́ ìkórè?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e wá, sà."

"Wọ́n pè é ní ti oko ọkọ yín, ẹ̀yin náà sì jó sí i. Bí oko bá jẹ́ tiyín, owó yìí dúró. Bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ mú ẹ̀gbọ́n ọkọ yín wá, kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ ìka pé tirẹ̀ ni."

Mo ṣàlàyé pé ṣe ni Benson ń bá àwọn ọmọ tọ́jú rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún ìyẹn. Ni mo bá sọ fún Hannah pé kó pe Benson, pé ìwé ọ́fíìsì lásán ni. Èmi, tíṣà!

Benson, tí a kì í rí bí a bá ń wá owó ilé-ìwé, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ. Ní ọ́fíìsì, ó tẹ ìka rẹ̀ kí Fádáre tó sọ̀rọ̀ tán. Hannah náà ti ki àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì kó tó dá ọwọ́ dúró. Ó gba ìwé náà. Èmi ni mo na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Glory, tó bá wa wá, ló gbé e fún.

Fádáre ti kọ ọ́ ní Yorùbá kí ó lè yé wọn. Glory kà á ketekete: "Èmi, Hannah, opó Gabriel, jẹ́rìí pé oko kòkó tó wà ní Omifunfun kì í ṣe ti ọkọ mi, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ mi." Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. "Iye, éè ṣe oko aba wa?"

Hannah nu yíǹkì náà sára ìró rẹ̀.

"Kí lo máa fún wọn jẹ?" Benson bi í.

Hannah kò tẹ ìka. Ó fa Glory lọ́wọ́, wọ́n jáde. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé igi kòkó lásán ló fi dípò oúnjẹ ọmọ. Ọlọ́run ló yọ mí tí n kò sọ ọ́ jáde.

Owó dúró. Kí ọdún tuntun tó dé, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, irun rẹ̀ sì ń pọ́n. Mo fún wọn ní ìwọ̀nba tí mo ní, kò tó nǹkan. Ní oṣù kìíní, Hannah fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Benson, ó ní kó ránṣẹ́ sí obìnrin aláṣọ náà.

Mo sìn wọ́n dé gáréèjì Ore. Glory gbé àpò búlúù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Obìnrin aláṣọ tó wá mú un wò ó, ó ní, "Àpò yẹn ò wúlò níbi tí à ń lọ." Ọmọ náà bọ́ ọ, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. "Iye, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Ọkọ̀ gbéra. Hannah dúró síbẹ̀ títí àwọn ọlọ́jà fi ń sọ fún un pé ó ń dí àwọn lọ́nà.

Ní oṣù kẹfà, ìjọba pa ètò owó náà rẹ́. Ká ní Hannah tẹ ìka ni, oúnjẹ oṣù mélòó kan ni ì bá fi oko náà rà. Ìyẹn kò tu òun nínú, kò tu èmi náà nínú.

Ìkórè tún dé. Wọ́n pe ìdílé olóògbé Gabriel, Benson tún ní kí wọ́n gbé àpò kòkó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, Hannah kò jó. Ó rìn lọ síwájú tábìlì akọ̀wé.

"Ẹ kọ rìsíìtì rẹ̀ fún mi," ó wí. "Bí ẹ ṣe pè é gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, pé láti oko Gabriel. Ẹ kọ ti èṣí náà."

Benson la ẹnu, ó rí ojú ìjọ, ó pa á dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbà á lọ́dọọdún. Rìsíìtì mẹ́ta ló ti ní nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ ní 1991, kí ìkórè ọdún yẹn tó dé. Inú àpò búlúù náà ló kó wọn sí, ó fi kọ́ ara ògiri níbi tí Glory yóò ti tètè rí i bó bá ti Èkó dé. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ó kó wọn jáde, ó ní kí n tún wọn kà fún òun. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí Glory, kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn tó mọ̀wé kà.