Ìṣẹ́jú Márùn-ún Kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá Tíṣà

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1995. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ewé, oòrùn kò sì tíì lágbára. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé ìkọsílẹ̀ mi kí n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan lára kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Tíṣà. Mo ṣì ní ìwé yẹn lọ́wọ́ títí di òní. Bí mo bá ṣí i, eruku ọyẹ́ ọdún náà ṣì wà láàárín àwọn ojú ewé rẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo ń ṣe ní Ìlobù nígbà náà. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ṣùgbọ́n n kò ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ni mo ṣe ń rìn lọ sí Ìfọ́n fún ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ni gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fara balẹ̀ jù ni mí nínú kíláàsì náà. Rúlà ni mo fi ń fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ìdáhùn mi, kódà bí ìdáhùn náà kò bá tọ̀nà, mo sì máa ń bi ara mi ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkàn kí n tó nawọ́ sókè. Nígbà tí mo bá fi máa nawọ́, Ọ̀gá Tíṣà ti máa ń pa pátákó rẹ́.

Ojú ọkùnrin náà ti ń lọ. Ohun funfun kan ti bo ojú òsì rẹ̀ pátápátá, ti ọ̀tún náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tó fi jẹ́ pé àwa la ń ka ohun tó wà nínú ìwé fún un kí ó tó kọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàdúná ti ní kí bàbá àti ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní ìparí oṣù Èrèlé, kí àwọn dókítà ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ abẹ náà yóò dára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kíláàsì tú, ó ní kí n dúró de òun. Ó sọ fún mi pé wọ́n rán òun lọ sí ìlú òyìnbó fún ẹ̀kọ́ ọdún kan ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ra fíríìjì àti rédíò ńlá bọ̀. Òun ra kọ̀ǹpútà kékeré kan. Nígbà tí ó délé, odidi ọdún kan ni ó fi kọ ètò kan sínú rẹ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní èdè Yorùbá, ó sì gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí kásẹ́ẹ̀tì lásán bíi ti orin ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń tọ́jú ohun tí a bá kọ. Kí ó tó gbé e lọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, ẹ̀rọ náà kú. Kásẹ́ẹ̀tì náà nìkan ló wà, kò ní èkejì.

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ," ni ó wí. "O mọ rédíò í tún ṣe. Wá bá mi wò ó."

Mo dá a lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó ná. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo tíì rí láyé mi, láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi bò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo gba Ìfọ́n lọ.

Bí ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà ṣe gbé ẹ̀rọ náà jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi ṣòkòtò mi nu ọwọ́ méjèèjì. Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, kò tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì rọ̀ bí ìrésà tí àwọn ọmọ fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́. Nínú rẹ̀, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí igun méjì. Mo ya àwòrán gbogbo wáyà kí n tó tú ọ̀kankan. Inú páálí ẹyin ni mo ń to àwọn nọ́ọ̀tì sí, mo sì kọ nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń pa ẹ̀pà, bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ẹ̀rọ ni mo wá tún ṣe àbí mo wá kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Sátidé mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ohun tó ń fún un ní iná ti jó, nítorí náà mo fi tiransífọ́mà rédíò àlòkù kan ṣe òmíràn. Ìdí wáyà ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí ti rédíò, ibi tí mo rò pé iná ti ń wọlé gan-an ni ó ti ń jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sì fi mítà wọ̀n ọ́ kí n tó gbà á gbọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àwọn bọ́tìnnì mọ́ inú ẹ̀rọ ti là ní ẹnu, mo fi bíléèdì gé ibi tó là kúrò, mo tún kì í bọ ibẹ̀. N kò tíì gbádùn iṣẹ́ kankan bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ń tún rédíò ṣe, mo ti mọ ohun tí yóò sọ bí ó bá jí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí èyí yóò ṣe.

Ní Sátidé kẹta, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, mo tanná, mo ń yí bọ́tìnnì ìkànnì díẹ̀díẹ̀ nínú ohun funfun tó ń hó lójú rẹ̀. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ kedere, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Mo fò dìde, mo forí gbá pẹpẹ ìwé, n kò sì mọ̀ pé ó dùn mí. Mo bọ Ọ̀gá Tíṣà lọ́wọ́ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí, ojú tì mí.

Kásẹ́ẹ̀tì ló kù. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wọn ní láti fi kọ ọ́ bí orin sí kọ̀ǹpútà létí. Ihò tí a ń ki wáyà ìfetísí bọ̀ lára rédíò náà ti bàjẹ́, nítorí náà mo fa wáyà láti ẹnu rédíò gan-an, níbi tí ohùn ti ń jáde. Bí rédíò bá ṣe pariwo tó ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́ tó, ariwo náà sì burú: igbe kan báyìí tó ń han bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn gé páànù. A tẹ̀ ẹ́, a dúró. Ní ìṣẹ́jú kejì, ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ohun tí òun ń gbọ́ ti dàrú. A tún un gbé padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dàrú. Ẹ̀ẹ̀meje ni a gbìyànjú láàárín Sátidé méjì, ẹ̀ẹ̀meje náà ló sì já wa kulẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó ní ó ti bàjẹ́, ọdún méjìlá kì í ṣe ọjọ́ méjìlá, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n lọ.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni mo ṣí ìwé ìkọsílẹ̀ mi, mo sì wo àwọn àkókò tí ó fi ń dàrú: ìṣẹ́jú kejì, ìkẹrin, ìkíní, ìkẹta àbọ̀. Kò bára mu rárá. Bí ó bá jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, ibì kan náà ni ó yẹ kí ó ti máa kọsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pa ṣọ́ọ̀bù mi dé lọ́sàn-án gangan, mo rìn lọ sí Ìfọ́n lọ sọ fún un. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì yín dára, Ọ̀gá. Nǹkan kan nínú yàrá yìí ni kò dára.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo pinnu láti kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà sílẹ̀, ìbáà ṣe kí eṣinṣin bà lé tábìlì. Àlejò ò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, nítorí ìròyìn ti tàn pé Ọ̀gá Tíṣà ń lọ sí òkè ọya, gbogbo àdúgbò sì ń wá kí i. Mo kọ ọ́ pé obìnrin ilé kejì wọlé, a kí i, ẹ̀rọ dàrú. Mo kọ ọ́ pé bàbá aránṣọ wọlé, a kí i, ẹ̀rọ dàrú. Mo ń fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá tó ń pa ẹ̀pà sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè.

"Oníṣẹ́ rédíò, ọwọ́ rẹ ni. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ti wọlé ni ò ń rẹ fọ́lúùmù sílẹ̀ kí o tó dọ̀bálẹ̀. Bí ìwọ ò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bàbá wọn á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

N kò fẹ́ gbà. Mo wo ọwọ́ mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti fi ìkó orí kọ́ mi pé rédíò kì í pariwo nígbà tí àgbàlagbà bá ń kíni, ọwọ́ mi sì ti mọ̀ ọ́n ju èmi alára lọ. Mo kọ ìwọ̀n iná, mo kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, n kò kọ ọwọ́ ara mi sílẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó. Kí a tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n mú iná lọ, kò sì dé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ku Sátidé kan. Ní Mọ́ńdè ni wọn yóò wọkọ̀. Iná wà láti àárọ̀, a ò sì mọ ìgbà tí yóò lọ. Ìyá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ìta, ó ní òun á máa dá àlejò dúró síta, òun á sì máa kí wọn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tó bá bínú, kí ó bínú. Mo tẹ̀ rédíò. Igbe bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó di méjì. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹni kan ṣoṣo tí Ìyá kò lè dá dúró wọlé: ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Tíṣà, olórí ẹbí wọn, ẹni tó ni ilé náà. Ọwọ́ mi ti lọ síbi fọ́lúùmù fúnra rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọ̀gá Tíṣà, tí kì í rí ife omi níwájú rẹ̀, rí ọwọ́ mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú bí irin. Mo dọ̀bálẹ̀ lápá kan, apá kejì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá náà kí wa, a ò gbọ́. Ó tún wa kí, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀gá Tíṣà kígbe lé ariwo náà lórí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. N kò ní kí yín títí èyí yóò fi parí."

Bàbá náà kò jókòó. Wọ́n fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn gúnlẹ̀, wọ́n ń wò wá, ìṣẹ́jú méjì náà sì gùn ju gbogbo ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ náà lọ. Mo ń rò ó pé bí ó bá tún dàrú, ọkùnrin yìí á ti ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí asán, yóò sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ sí Kàdúná bẹ́ẹ̀.

Igbe náà dákẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣófo, lẹ́yìn náà ni àwọn lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, tí kò ní àmì kankan lórí, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Tíṣà jù mí lọ́wọ́ sílẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ ọ̀tún súnmọ́ gíláàsì náà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: "E kaabo. Ki ni oruko re?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í léèrè ẹni tí ohun náà ń bá wí. Ọ̀gá Tíṣà ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọmọdé ni òun kọ ọ́ fún, kí wọ́n má bínú pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́.

"Sọ fún un pé èmi ni mo ni ilé yìí," ni bàbá náà wí.

Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí i. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé: E seun, EMI NI MO NI ILE YII. Meje lona mejo je meloo? Bí mo ti kà á tán, bàbá náà ní irọ́ ni, òun ló ni ín, kì í ṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, kí ẹ̀rọ náà bi àwọn ní òmíràn. Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi jókòó níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣì. Nígbà tí wọ́n ń dìde lọ, Ọ̀gá Tíṣà, àgbàlagbà olórí ewú, dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sì kí i pẹ́ títí: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú sùúrù.

Àwọn tó ń wá sílé mi nísinsìnyí máa ń bi mí léèrè ohun tí mo ń fi kọ̀ǹpútà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ṣe. Mo ní bíi ogún wọn nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn tí ọ́fíìsì ti kó dànù àti àwọn tí ọmọ ti gbàgbé sílé bàbá. Èsì mi ni pé bí mo bá tú ọ̀kan wò, mo máa ń rántí pé ẹnì kan ti jókòó síwájú rẹ̀ rí pẹ̀lú ohun tó fẹ́ sọ, tí kò sì tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Mo ṣì ń lo páálí ẹyin fún àwọn nọ́ọ̀tì.

Ọ̀gá Tíṣà lọ ní Mọ́ńdè náà. Iṣẹ́ abẹ kò dá ojú rẹ̀ padà, kò sì kàwé mọ́. Mo yege ìṣirò lọ́dún náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kejì, mo ti fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe.