Igi Ìdáná fún Ìyá Ìkókó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, tí àwọn òkè àpáta tó yí wa ká bá fara sin sínú eruku rẹ̀ bí ìyàwó tuntun tó da aṣọ borí, àwa ọmọdé kì í bi ẹnikẹ́ni pé oṣù wo la wà. Ètè wa tó ń sán ti sọ fún wa. Ọdún Kérésìmesì, tí àwa níbí ń pè ní Nowẹ́lì, ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́dọọdún ni ẹ̀ ń rí mi tí mo ń di igi ìdáná, tí mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọdún, ẹ sì máa ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ń rí yín. Lónìí, ẹ jókòó, kí n sọ ibi tí igi náà ti wá.

Àdìdó ni agboolé wa wà nígbà náà. Bàbá tó bí bàbá mi ni olórí ilé. Ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ ló ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ ń kírun ní yàrá kejì. Bàbá tèmi sì ti ṣe ìrìbọmi níbi tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ojú irin, ibẹ̀ náà ló ti rí ìyá mi fẹ́, ọmọ Kátólíìkì láti ilé wọn wá. Kò sí ìjà láàárín wọn. Bàbá àgbà máa ń sọ pé, “Ibi tí oníkálukú ń kúnlẹ̀ sí kò kàn mí. Ibi tí ọkọ́ rẹ̀ wà ló kàn mí.” Ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kì í sì yẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi kò lọ sí ilé-ìwé rárá, ṣùgbọ́n gbogbo katikísìmù wà lórí rẹ̀. Kí a tó gbálẹ̀ láàárọ̀, a ti gbàdúrà. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo máa ń ka ẹ̀kọ́ mi sí i létí níbi tó ti ń sẹ gàrí. Bí mo bá ṣì í kà, kì í bá mi wí. Yóò kàn dá asẹ́ dúró. N óò wá máa wá ọ̀rọ̀ náà kiri nínú orí mi, òun yóò sì máa wo asẹ́, títí n óò fi rí i. Bí mo bá ti rí i, asẹ́ a tún máa lọ. Títí di òní, bí mo bá gbàgbé àdúrà kan, ó dà bí ẹni pé mo ń gbọ́ bí asẹ́ yẹn ṣe dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, a máa ń jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, a ó sì máa ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, “Mo kí ọ Màríà” lọ́tùn-ún lósì. Bàbá àgbà yóò wà lórí àga rẹ̀, yóò kẹ̀yìn sí wa, yóò máa jẹ obì bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹni tó tẹ́ ẹní. Bàbá jókòó títí. Nígbà tó yá, ó yí ọrùn padà, ó ní, “Ẹ ò ní kí obìnrin yẹn lónìí ni?” Èmi àti àwọn àbúrò mi bá tẹ́ ẹní fúnra wa.

Ilé-ìwé àwọn màsẹ́rì ni mo ń lọ, àwọn obìnrin tó fi ara wọn fún Ọlọ́run, tí wọ́n ń bo orí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní ìṣirò, ṣùgbọ́n èdè wa la fi ń kọ́ bí a ṣe ń gbàdúrà. Màsẹ́rì tó ń kọ́ kíláàsì wa le bí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó máa ń sọ pé ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ìgbàgbọ́, pé àwọn níbí kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jinná ni.

Bí ọdún bá kù díẹ̀, ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan a kọ́ kírẹ́ẹ̀ṣì tirẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé kékeré ni, ilé tí wọ́n bí Jésù sí. Amọ̀ la fi ń mọ ògiri rẹ̀, koríko oko la fi ń bo òrùlé, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, a ó sì mọ Màríà àti Jósẹ́fù àti àwọn màlúù. Àwa ará Àdìdó àti àwọn ọmọ Plateau, àdúgbò kejì, kì í fojú rere wo ara wa lásìkò yẹn. Wọ́n á gba iwájú tiwa kọjá, wọ́n á ní, “Ṣé màlúù nìyí àbí àgbébọ̀?” Àwa náà á ní kí wọ́n lọ fi òrùlé tiwọn pamọ́ kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́. Màsẹ́rì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ Ọmọ náà sílẹ̀ kí àìsùn ọdún tó dé. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé àwọn ọmọ Plateau ti fẹ́ tẹ́ tiwọn. Ta ló fẹ́ kẹ́yìn? A bá tẹ́ tiwa, pẹ̀lú ẹ̀wù òwú lára rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi wà lára àwọn tí yóò gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Mísà àárọ̀ Nowẹ́lì gan-an. Ìyá mi ti rán aṣọ funfun mi, ó ká a sínú àpótí. Màsẹ́rì sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Àṣé òwú ti là ní oko wa ní Sakin, ó funfun lọ bẹẹrẹ, wọ́n sì ti ń sun igbó kiri. Bí iná bá kán sí òwú tó ti là, ẹ lọ gbàgbé. Bàbá àgbà ní kí gbogbo ilé kó lọ sí Sakin, kò sì sí ẹni tí yóò padà títí òwú yóò fi wọlé tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ. Ó ku èmi àti ìyá mi àti àwọn àbúrò mi, ìyàwó kékeré Bàbá, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ní kẹ̀kẹ́, àwa ni Bàbá fúnra rẹ̀ yóò kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá tèmi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà Párákú, kò sí níbẹ̀ tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú mi rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọdún ku ọ̀túnla. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní, “Bàbá, mi ò ní kí ẹ yí ọ̀rọ̀ yín padà. Mo kàn ní kí ẹ bá mi wá wo ohun tí ìyàwó yín kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.” Èmi ni ìyàwó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń pè mí.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kírẹ́ẹ̀ṣì náà, ó wò ó títí.

“Ta ló bímọ?”

Mo ní, “Màríà ni, Bàbá. Ẹni tí a máa ń kí lálaalẹ́.”

“Òun nìyí?” Ó tún súnmọ́ ọn. “Ilé ta ló bímọ sí yìí?”

“Ilé ẹran ni. Wọ́n ní kò sí àyè fún wọn nínú ilé.”

“Wọ́n sọ fún aboyún pé kò sí àyè?” Ó yíjú sí ìyá mi. “Ìlú wo nìyẹn?”

Ìyá mi ní, “Ìlú ọ̀nà jíjìn ni, Bàbá.”

“Kó jìn náà. Iná rẹ̀ dà? Ìkòkò omi gbígbóná dà? Ẹ bí ọmọ sínú ọyẹ́, kò sí igi kan ṣoṣo nídìí ìyá rẹ̀. Màlúù lẹ rántí mọ.”

Kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú katikísìmù. Bàbá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó wọlé lọ. Mo gbé ẹkún lọ sórí ẹní. Mo rò pé ó ti parí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé kò di ẹrù oko. Ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ó ní kó sáré lọ sí Sakin. “Sọ fún wọn pé a bímọ nílé. Kí gbogbo wọn máa bọ̀.” Ẹ̀yin mọ àṣà wa. Bí wọ́n bá bímọ nínú ilé, kò sí ẹni tí ń dúró sóko. Òógùn ò tíì gbẹ lára wọn tí wọ́n fi dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àbúrò Bàbá obìnrin gbé ata àti ẹja gbígbẹ dání fún ọbẹ̀ ìyá ọmọ. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń ké, “Ta ló bímọ? Ta ló lóyún nínú ilé yìí tí mi ò mọ̀?” Ó kọjú sí ìyàwó kékeré Bàbá, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Àbí ìwọ ni? Ikùn rẹ ò tilẹ̀ yọ.”

Ìyàwó kékeré ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà. Ẹ bi ọkọ mi.”

Bàbá na ọ̀pá sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní kí wọ́n lọ wò ó níbẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n rí ọmọ amọ̀ nínú ilé amọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní, “Bàbá, òwú wà lórí igi, iná wà nínú igbó, ẹ wá pè wá nítorí eré ọmọdé?”

Bàbá dá a lóhùn wẹ́rẹ́. Ó ní, “Obìnrin tí wọ́n ń kí nínú ilé mi lálaalẹ́ ni. Ọjọ́ tó wá bímọ ni kí n kó gbogbo ilé lọ sóko? Ta ni yóò kí i?” Ó fi ìdí ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀. “Ìyàwó mi, lọ wẹ̀. Wọ́n ní o fẹ́ jẹun lọ́la.”

Láàárọ̀ Nowẹ́lì, gbogbo agboolé wa ló tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, onígbàgbọ́, onímàle, abọ̀rìṣà. Bàbá àgbà, àgbàlagbà tí kì í ru nǹkan mọ́, gbé ìdì igi ìdáná sórí ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọdé gbé e, ó kọ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kírẹ́ẹ̀ṣì ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ba, ó ní, “Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ọwọ́lómi.” Ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò wọlé. Àwọn ọmọ Plateau ń wò wá. Èmi ga ní ọjọ́ náà ju òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lọ.

Nígbà tí a jáde, Bàbá wo ẹnu mi.

“O ti jẹ ẹ́?”

“Mo ti jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Ó dùn?”

“Kò dùn, kò kan.”

Ó mi orí. “Oúnjẹ àgbà nìyẹn.”

Àlùfáà jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn yóò tọ́jú igi náà síbẹ̀ fún ẹ̀yẹ. Bàbá ní rárá, igi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò. Obìnrin kan wà ní Plateau, ìyàwó oníṣòwò onímàle kan tó wá láti Nàìjíríà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò ní ẹbí nítòsí. Bàbá ní bí wọ́n bá ti kí ti ibí tán, kí wọ́n gbé e lọ fún un. Wọ́n gbé e lọ, tàwa tàwọn ọmọ Plateau la jọ tẹ̀ lé e. Àṣà tí ẹ̀ ń rí títí di òní nìyẹn. Ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, iná jó igun kan nínú oko òwú náà kí a tó padà dé Sakin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró, ó ń retí ohun tí Bàbá yóò sọ. Bàbá wo eérú náà, ó ní ìkókó kì í wọlé kó má ná ni ní nǹkan. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú.

Ayé ti yí padà. Koríko ti bo ojú irin tí bàbá mi ṣiṣẹ́ lé lórí, ọkọ̀ rẹ̀ kì í kó èrò mọ́. Kútọnù ni kírẹ́ẹ̀ṣì ti ń wá báyìí, ó ní iná tó ń ṣẹ́jú, Màríà inú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni tí kò rọbí rí. Ẹ̀yin ń ka katikísìmù lórí tẹlifóònù, kò sì sí asẹ́ tí ń dákẹ́ bí ẹ bá ṣì í kà. Àwọn aboyún ń bímọ sí ilé ìgbẹ̀bí, gáàsì ni wọ́n fi ń se omi. Mi ò bú u, ọmọ tí ì bá kú ń yè. Láti agboolé yẹn ni ọmọ wa kan ti di àlùfáà, tí òmíràn ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé tí èmi náà lọ. Bí mo bá rí wọn, àyà mi a kún.

Bàbá àgbà kò ṣe ìrìbọmi títí ó fi lọ. Àwọn kan ti bi mí pé ibo ni mo rò pé ó wà. Èmi kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ti bímọ rí nínú ọyẹ́, mo sì mọ̀ pé abiyamọ kì í gbàgbé ẹni tó gbé igi wá fún un.

Ìdì ti ọdún yìí wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo ti dì í tán. Orí mi kò gbà á mọ́. Èwo nínú yín ló máa gbé e?