Mẹ́sàn-án Bàbá Tíṣà

Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ òkun ńlá kan, irú èyí tí àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ̀ máa ń wọ̀ lọ wo omi, tí yóò sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi tọ́jú yàrá nínú ọkọ̀ yìí, kò sì tíì rí òkun dáadáa. Àwọn yàrá náà ní fèrèsé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé ló máa ń wò, kì í wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orí gíláàsì ni àmì ìka àwọn àlejò máa ń wà.

Ìyá Mẹ́wàá ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ mẹ́wàá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn náà sì ń pe ìyá-ìyá rẹ̀ ní "Màámi" nígbà tó wà ní kékeré, ó ń pe ìyá tó bí i ní "Àǹtí Inú Fóònù". Gbogbo ilé fi í rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù, ó lọ fọ balùwẹ̀ méjìdínlógún.

Káàdì ló sọ ọ́ ní Ìyá Mẹ́wàá. Bí ìrìn-àjò bá ku ọ̀la kó parí, wọ́n á fi káàdì kan sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò kọ̀ọ̀kan: mélòó nínú mẹ́wàá lẹ máa fún ẹni tó tọ́jú yàrá yín? Àlejò tí kò mọ nǹkan kan á rò pé méje dára, pé mẹ́jọ dára gan-an, pé ẹni tí òun bá fún ní mẹ́sàn-án, kó máa jó lọ sílé. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, mẹ́wàá túmọ̀ sí pé o ṣe iṣẹ́ rẹ, mẹ́sàn-án sì jẹ́ ẹ̀sùn. Wọn ò kọ ìyẹn sára káàdì. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ni ògiri yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́, gàdàgbà gadagba: òṣìṣẹ́ tó bá bá àlejò sọ̀rọ̀ máàkì, kó kó ẹrù rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà mọ́ títí ayé. Káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. Èyí tó bá sọnù, òdo ni wọ́n máa kọ fún ẹni tó ni yàrá, kí ẹnikẹ́ni má baà fi káàdì tí kò dára nu bàtà.

Ìyá Mẹ́wàá mọ bí wọ́n ṣe ń gbà mẹ́wàá láìtọrọ rẹ̀. Ojú bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ka àlejò bí ìwé. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí oníkálukú ń sùn sí, á gbé gíláàsì omi sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ó mọ ìyá tó ń fi súwíìtì pamọ́ sínú bàtà kí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà má baà rí i, á rọra to èyí tó já bọ́ padà sínú bàtà náà. Nígbà kan tó bá ìrọ̀rí kan nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká táwẹ̀lì bí ẹyẹ méjì tó fẹnu kan ẹnu, ó gbé e sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrọ̀rí méjèèjì ti sún mọ́ra. Tọkọtaya náà fún un ní mẹ́wàá, wọ́n ní oúnjẹ ọkọ̀ yẹn dùn.

Nínú ìrìn-àjò tí à ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ ṣàdédé rí i pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún yàrá méjìléláàádọ́rin tó wà ní àjà kẹjọ. Mẹ́ta á ṣe é. Alábòójútó wọn ló wá jíṣẹ́ náà, Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́, obìnrin tó máa ń fi ìbọ̀wọ́ funfun fọwọ́ kan orí férémù ilẹ̀kùn, níbi tí àlejò kan kò tíì gun àkàbà débẹ̀ rí. Ìyá Mẹ́wàá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì. "Àǹtí mi" ló ń pè é títí di ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́.

"Ẹbí kan ni wá nínú ọkọ̀ yìí," Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ sọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù nínú yín ní ìparí ìrìn-àjò yìí, a ò ní pè é padà. Ṣùgbọ́n a ó máa rántí rẹ̀." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ku nǹkan kan. Kò kù.

Ìyá Mẹ́wàá kò lè padà sílé. Ní ilé, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti ń wá iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo wọn jókòó lé. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ọmọ náà máa fi ìwé sílẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn láàárín wọn, nítorí pé àbúrò ọkùnrin náà ti sọ pé òun kò lè fi ìwá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni wọ́n ń pè ní Sùúrù, nítorí pé kò ní in rárá. Òun àti Ìyá Mẹ́wàá ló jọ ń gbé inú yàrá òṣìṣẹ́ kan nísàlẹ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì: Ìyá Mẹ́wàá nísàlẹ̀, Sùúrù lókè, tí á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ bó bá ń gòkè. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń pín ọṣẹ.

Nínú àwọn àlejò Ìyá Mẹ́wàá, bàbá arúgbó kan wà ní yàrá kẹrìnlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá rìn. Bàbá Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Á béèrè ọmọ rẹ̀, á béèrè ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Kí Ìyá Mẹ́wàá tó dé lówùúrọ̀, bàbá á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ lè fúyẹ́ fún un. Ìyá Mẹ́wàá á dúpẹ́ gidigidi, á dúró kí bàbá jáde, á sì tú u palẹ̀ kó tó tún un tẹ́ bó ṣe yẹ. Nítorí ojúrere bàbá yìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń kún iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, bàbá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, wá. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ju mẹ́jọ lọ rí. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi, méje àbọ̀ ni mo fún un. Ó ti di dókítà báyìí."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ìwọ, mẹ́sàn-án ni mo fún ẹ."

Ìyá Mẹ́wàá gbé báàgì bàbá sílẹ̀. "Mẹ́wàá ńkọ́, sà?"

"Mẹ́wàá kẹ̀!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sójú rẹ̀. "Ta ló ń gba mẹ́wàá láyé yìí? Mo ti ju káàdì náà sínú àpótí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò. Mo ní kí n wá sọ fún ẹ fúnra mi, kí inú ẹ lè dùn."

"Inú mi dùn, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Sùúrù ló bá níbẹ̀ tó ń ka ìrọ̀rí. Ó sọ ọ́ fún un.

"Mẹ́sàn-án?" ni Sùúrù wí.

"Mẹ́sàn-án. Ìwọ ńkọ́?"

"Tèmi, mẹ́wàá mẹ́wàá ni." Sùúrù ò gbójú sókè. "Àwọn méjì tó kù náà, mẹ́wàá ni mo gbọ́. Ìwọ, lọ bá bàbá yẹn sọ ọ́ jàre. Kò tíì kúrò nínú ọkọ̀. Wọn ò tíì ṣí àpótí. Kó ní òun fẹ́ ṣàtúnṣe káàdì òun, ó parí."

"Òfin ńkọ́?"

"Òfin kẹ̀, ta ló máa gbọ́? Ẹnu lo máa fi sọ ọ́, kì í ṣe gbohùngbohùn. Ṣé irú bàbá dáadáa yẹn ló máa fi ẹ́ sùn ni?"

Ìyá Mẹ́wàá bá bàbá ní gbọ̀ngàn tí àwọn àlejò ti ń dúró kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a so okùn bàtà, ó sì sọ ọ́ sí i ní jẹ́jẹ́: mẹ́sàn-án yìí ni wọ́n fi ń lé àwọn. Kò kọ́kọ́ yé bàbá. Nígbà tó yé e, ó bínú débi pé etí rẹ̀ pọ́n.

"Irú máàkì ìrànkuràn wo nìyẹn? Ta ló kọ́ wọn níwèé? Jẹ́ kí n lọ tún un ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dárúkọ mi."

"Ṣé ọmọdé ni mí?"

Bàbá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gba káàdì rẹ̀, ó fa ìlà sórí mẹ́sàn-án, ó kọ mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọdún méjìdínlógójì, kò yí máàkì padà rí láìkọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé máàkì tó yí padà tí kò nídìí, ojúsàájú ni. Nítorí náà ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà kọ ọ́ pé: "Mo yí máàkì yìí padà nítorí pé ẹni tó tọ́jú yàrá mi ṣàlàyé fún mi pé mẹ́sàn-án kò tó níbi iṣẹ́ wọn." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì. Nọ́ńbà yàrá ti wà lókè káàdì tẹ́lẹ̀.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ó ka káàdì náà sókè, ó yí i síbi iná.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá yìí mà dáa o. A kì í rí irú ẹ̀ mọ́."

Ìyá Mẹ́wàá bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó pè é ní àbúrò òun, ó rán an létí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá Ìbọ̀wọ́ ní ìyẹn gan-an ló ń dun òun.

"Ohun tó tún ń dùn mí ni pé mẹ́sàn-án yẹn ì bá tó. Ẹnì kan gba mẹ́jọ. Àlejò rẹ̀ rí irun nínú básíìnì ìfọwọ́. Ẹni yẹn là bá jẹ́ kó lọ, ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ níbí." Ó mú ìwé náà, ó rọra fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya sí mẹ́rin. "Ní báyìí, a ò nílò rẹ̀ mọ́."

"Ta ni, mà?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mi ò lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ máàkì òṣìṣẹ́. Òfin ni."

Ó gba káàdì ìdánimọ̀ ọrùn rẹ̀. Ó wá ní kó kọ́kọ́ parí yàrá méjìdínlógún rẹ̀ o, nítorí pé àwọn àlejò tuntun ń wọlé ní agogo kan, àti pé kò ní dáa kí iṣẹ́ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn má dáa. Ìyá Mẹ́wàá parí wọn. Àwọn àlejò tuntun yẹn, gbogbo wọn, máa fún ẹlòmíì ní mẹ́wàá lórí rẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹrù, Sùúrù ni ó bá tó ń tú báàgì tirẹ̀, tó ń to aṣọ padà sínú dúrọ́ọ̀. Báàgì náà ti wà ní dídì láti àná.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ nípa mẹ́jọ yẹn?"

"Àná, ní ìrọ̀lẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni àlejò náà ju káàdì sí, kò tiẹ̀ fi nǹkan bò ó."

"O sì ní kí n lọ sọ fún bàbá."

"Mo ní kó o lọ sọ ọ́. Mi ò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀." Sùúrù na bùláòsì kan, ó fi ọwọ́ nù ún kó gún. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ìwọ ní ẹyọ kan." Ó ti dúrọ́ọ̀ náà pa, ó ní, "Ṣé mo lè máa sun ìsàlẹ̀ báyìí? Orúnkún ń dùn mí."

Ìyá Mẹ́wàá kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì fún un.

Lórí èbúté, Bàbá Tíṣà ṣì jókòó sórí àga onígi, pẹ̀lú báàgì láàárín ẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ti ṣèlérí pé òun á wá gbé e ní agogo mẹ́sàn-án. Agogo méjì ti kọjá.

"Ìsinmi?" ni bàbá bi í nígbà tó rí ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìsinmi ni, sà."

"Mo bá ẹ tún un ṣe. Mi ò dárúkọ ẹ."

"Mo gbọ́, sà."

"Mo ti gba yàrá kẹrìnlá yẹn fún ọdún tó ń bọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ ni mo fẹ́." Bàbá fi ọwọ́ lu orúnkún ara rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Kó o máa retí mi o."

Bọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn fún àwọn àlejò dé. Bàbá ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún dókítà. Ìyá Mẹ́wàá dì í mú lápá gun àtẹ̀gùn, ó gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Bó ṣe ń yíjú láti gbé ẹrù tirẹ̀ wọlé, awakọ̀ na ọwọ́ sí i.

"Ti àlejò lèyí o, màmá. Ti òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn ọgbà lọ́hùn-ún. Káàdì ọrùn yín dà?"

"Wọ́n ti gbà á."

Awakọ̀ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fi obìnrin náà sí. "Ẹ kì í ṣe tibí, ẹ kì í ṣe tọ̀hún náà. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn nìyẹn, mà. Kò jìnnà, bíi wákàtí kan."

Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pa dé. Bàbá Tíṣà ń juwọ́ láti ojú fèrèsé. Ìyá Mẹ́wàá gbé báàgì lé èjìká, ó juwọ́ padà sí i, nítorí pé ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́.