Ọkùnrin Tó Lè Kọ Ọwọ́ Ẹnikẹ́ni

"Ta ló kọ èyí?" Bàbá àgbà mi ló ń bi àlejò náà, ó na ìka sí pákó tó gbé lé itan.

"Èmi ni, Bàbá."

"Irọ́. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo dáwọ́ ẹ̀wà tí mò ń ṣà dúró. Ojú mi ló ṣe. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ṣọ́ọ̀kì sí ọkùnrin náà ni, pé kó kọ ohun tó bá wù ú, kí òun lè mọ̀ bóyá ó mọ iṣẹ́ tó ń tọrọ. Ọkùnrin náà wo pákó ìdí lọ́rì kan tí ọ̀dà Bàbá kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo lẹ́tà ló bá ti Bàbá mu, títí dé ìrù kékeré tí Bàbá máa ń fà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, tí àwọn onímọ́tò Ọbáléndé fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀.

"Ọwọ́ tèmi nìyí," Bàbá wí. "Tìrẹ dà?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tú mi sílẹ̀."

"Kí lo ṣe?"

"Ohun tí mo ṣe sórí pákó yìí náà ni."

Ó ní akọ̀wé lòun tẹ́lẹ̀ ní èbúté Àpápá. Òun a máa fọwọ́ sí ìwé bí ẹni pé ọ̀gá òun ló fọwọ́ sí i, àwọn kan a sì fi ìwé náà kó ẹrù ẹlẹ́rù lọ. Ní kóòtù, ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè sọ èyí tó jẹ́ tòun.

Bàbá gba pákó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú omi kan dún láti ọ̀nà Marina. "Máa bọ̀ lọ́la," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, o ò gbọdọ̀ kọ ọwọ́ mi."

Àdéhùn náà ṣàjèjì. Láàárín àwọn tó ń kọ pátákó nígbà náà, ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọṣẹ́ ń kọ títí yóò fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ìyá tó ń ta ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ìta Fájì kò tilẹ̀ rí ti àdéhùn rò.

"Alàájì, ẹ mà ti gbé ológbò síbi ẹja o!"

"Ọ̀dà ló wà níbí, Ìyá. Ológbò kì í lá ọ̀dà."

"Ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí á lá a!"

Ọkùnrin náà ya kìnnìún sára lọ́rì, ó ya ọ̀kín, àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Bó bá kan lẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ a wá wúwo, torí kò gbọdọ̀ wo ti Bàbá kọ. Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lára rẹ̀, nítorí ó ń kọ, ó sì ń nù ún. "Tún un kọ," ni Bàbá máa ń wí, láìgbójú sókè.

Nǹkan kan wà tí àwa ará ilé mọ̀, tí ará ìta kò mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti ń gbọ̀n. Ó máa ń fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ náà mú kó tó lè fa ìlà kan.

Mọ́sálásí ràtíbì àdúgbò wa, níbi tí a ti ń kírun ojoojúmọ́, ṣe ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n sì ní kí Bàbá kọ pátákó tí wọn yóò gbé kọ́ sókè rẹ̀: Bísímílà ní kéwú, lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ bọ́ bàtà yín síta." Ibà dá Bàbá dúbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó dìde, ó bá pátákó náà ní píparí, ó bá Lèmọ́mù àti àgbàlagbà kan tí wọ́n dúró tì í.

"Alàájì, ọwọ́ yín ò tíì darúgbó rárá!" Lèmọ́mù wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo wo pátákó náà. Ọwọ́ Bàbá ni. Ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn àkàbà, ó ń wo ẹnu Bàbá. Ká ní Bàbá sọ pé "Àlùhámúdùlílàhì" lásán ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Lèmọ́mù, èmi kọ́. Ọmọkùnrin yìí ló kọ ọ́."

"Ẹlẹ́wọ̀n yìí?" Àgbàlagbà náà sún sẹ́yìn. "Ọwọ́ tó wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kọ orúkọ Ọlọ́run?"

"Ó fi ọwọ́ mi kọ ọ́, torí ó ń ṣàánú mi." Bàbá yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ agbádá, ó nà án sí wọn. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì gbìyànjú láti dá wọn dúró. Ó ní "Àsítàgafúrúlàhì," ó mú àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì, ó nu pátákó náà mọ́. "Ìwọ, kọ ọ́ lójú wọn. Tìrẹ ni kí o kọ."

"Bàbá, tèmi ò dáa."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dáa."

Ó kọ ọ́ títí ìrun Alásárì fi kù díẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà nípọn, wọ́n sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ru ẹrù.

"Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́," àgbàlagbà náà wí.

"Ti àkọ́kọ́ lẹ́wà lóòótọ́," Lèmọ́mù dáhùn, "ṣùgbọ́n a ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí èyí gbẹ, ká gbé e kọ́."

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ́tò fi ń wá béèrè lẹ́tà tó tẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí a gbé pátákó náà kọ́ gan-an, àwọn oníbàárà àtijọ́ méjì wá kó iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọwọ́ rẹ̀. Bàbá kò kọ pátákó mọ́ títí ó fi kú. Òun ló ń po ọ̀dà, ọkùnrin náà ló ń kọ.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo wá fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn ran ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́, wọ́n a sì máa ka ohun tí wọ́n fún un fún mi. Mo máa ń bi wọ́n ní ohun tó ná àwọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ wọn a tún padà sórí ohun tí wọ́n fún un. Bí Bàbá bá ti dákẹ́ níwájú Lèmọ́mù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òkìkí rẹ̀ ì bá bá a dé sàréè, ọkùnrin náà ì bá sì máa kọ ọwọ́ ẹlòmíràn títí òun náà fi kú.