Ìlà Kìíní Ni Ibi Tí A Ń Bọ́ Bàtà Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ẹrù ní pápá bàálù wa létí aṣálẹ̀ Oman. Ọ̀gá mẹ́rin ni mo bá ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó mọ iṣẹ́ àga pínpín dójú àmì. Zuwaina ọmọ Khalfan ni.

Ìdí káńtà kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ló fi se kọfí fún wa. Khalfan bàbá rẹ̀ ló ń bu kọfí ní sabla, gbọ̀ngàn tí àwọn ọkùnrin ìlú ti ń jókòó sọ̀rọ̀. Zuwaina á dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, á máa to ife fún un, nítorí àgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu kọfí fún, wọn kì í ṣì í. Ní ọdún 1986, akọ̀wé tó ń pín àga lọ sí Muscat, kò padà. Zuwaina mọ̀wé. Hamoud, ọ̀gá pápá, ní kó ṣe é fún oṣù mẹ́ta kí òun fi wò ó. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí bàálù kan bá sùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìdí ìkòkò kọfí ló ń padà sí.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀ lójú. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀ lórí páálí. Tiwa ní ìlà ogún, àga mẹ́fà ní ìlà kan, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, láti A dé F. Lẹ́tà mẹ́fà yẹn ni mo mọ̀ títí dòní. Lórí àga kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà, bébà kékeré kan wà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, nọ́ńbà àga sì wà lára rẹ̀. Bí èrò bá dé, Zuwaina á ṣí ọ̀kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣófo lórí páálí, ẹnì kan ti gbà á. Èèyàn méjì kò lè gba àga kan, nítorí bébà rẹ̀ kò pé méjì.

Kì í fi obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Kì í fi arúgbó sí ìdí ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ìwọ̀n ló wá le jù. Bàálù kò yàtọ̀ sí ràkúnmí. Bí ẹrù bá wọ̀ sí apá kan, kò ní dìde dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ ni oṣù mẹ́ta náà pé. Pápá wa kò ní iná nígbà náà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, bàálù kankan kò gbéra mọ́. Èrò mẹ́rìnlélógójì ló ń lọ sí Salalah, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ìdílé kan náà. Wọ́n ń lọ gbé ìyàwó fún ọmọ wọn. Bàbá Saif ni olórí wọn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Zuwaina kó wọn sí ìlà kìíní dé ìkẹjọ. Bàbá Saif gba 1A.

Ní aago mẹ́rin àbọ̀, ilẹ̀kùn ikùn ẹ̀yìn bàálù, níbi tí a ń kó ẹrù sí, kọ̀, kò ṣí. Mo fi òòlù gbá a, kò ṣí. A kó gbogbo ẹrù sí ikùn iwájú. Ó jẹ́ kílò 1,140, ìrẹsì, kápẹ́ẹ̀tì àti àpótí ìyàwó. Awakọ̀, ará Jordan, ṣírò rẹ̀, ó ní imú bàálù ti wúwo jù. Ó ní kí gbogbo èrò lọ jókòó láti ìlà kẹtàlá sẹ́yìn, àbí kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀. Àwọn èrò ní ẹrù ìyàwó kò ní kù sílẹ̀.

Hamoud wọlé lọ bá wọn. Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Musallam, ọmọ àbúrò Bàbá Saif, béèrè ẹni tó ń lé bàbá àwọn sẹ́yìn bí ewúrẹ́. Ó ní nọ́ńbà kìíní ni ti àgbà. Kò sẹ́ni tó dìde. Hamoud sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bo ọrùn rẹ̀. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó wo Zuwaina. Ó ní, “Lọ gbé ìkòkò rẹ kaná.”

Zuwaina mú páálí tuntun, ó gun àtẹ̀gùn. Mo tẹ̀ lé e. Ó kí Bàbá Saif. Ó béèrè ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ràkúnmí rẹ̀. Kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ máa ń jókòó ní sabla yín?”

“Nínú lọ́hùn-ún, ibi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.”

“Ta ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà?”

“Ọmọdé. Àti ẹni tó bá pẹ́ dé.”

“Ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé níbí ńkọ́, Bàbá?”

Bàbá Saif yí ọrùn. Ilẹ̀kùn náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí orúnkún rẹ̀.

Zuwaina ní, “Ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn ni àwọn tó kan bàálù ti bẹ̀rẹ̀ sí ka nọ́ńbà. Ìlà kìíní ni ibi tí a ń bọ́ bàtà sí. Èmi ni mo ṣèèṣì fi yín síbẹ̀, ẹ foríjì mí. Ìlà ogún ló tọ́ sí yín.”

Musallam ní gbogbo àwọn á wá kọ ẹ̀yìn sí Bàbá nìyẹn.

Bàbá Saif ní, “Musallam, nígbà tí o ń da ewúrẹ́ mi, iwájú wọn lo máa ń wà?”

“Ẹ̀yìn ni, Bàbá.”

“Kí ló dé?”

“Kí n lè rí gbogbo wọn.”

“Dìde.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nídìí fèrèsé, ó ní àwọn ti di ewúrẹ́ báyìí, ó ku koríko.

Bàbá Saif ló ṣáájú lọ sí 20A. Zuwaina kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ ọjọ́ orí ara wọn. Àgbà wọlé sí inú, ọmọdé kù sí iwájú, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Arúgbó méjì, Khamis àti Nasser, dúró sáàárín ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òun ni àgbà. Khamis ní, “Ìyá mi ti já mi lẹ́nu ọmú kí wọ́n tó bí ẹ.” Bàbá Saif dá a fún Khamis láti ẹ̀yìn, ẹjọ́ parí. Musallam bá ara rẹ̀ ní ìlà kẹtàlá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Zuwaina lẹ bébà mẹ́rìnlélógójì tuntun mọ́ káàdì wọn. Awakọ̀ gba páálí náà, ó fi ìka tẹ̀ lé ibi tó ṣófo lórí rẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ó tún ìwé rẹ̀ ṣírò. Ó ní, “Ó gún.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Táyà kúrò nílẹ̀ ní márùn-ún kọjá mẹ́rìnlá. Oòrùn wọ̀ ní márùn-ún kọjá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Hamoud wo bàálù náà títí tó fi tó eṣinṣin. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé ìkòkò kọfí dání àti àwo dàbínù. A tó mẹ́sàn-án níbẹ̀, a ju Zuwaina lọ ní ọjọ́ orí, gbogbo wa. Òun ni Hamoud kọ́kọ́ bu kọfí fún. Kọfí náà ti jóná. Zuwaina mu ún tán. Ó mi ife náà lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń ṣe bó bá ti tó wa.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi pín àga. Kọ̀m̀pútà dé, bébà onígọ́ọ̀mù lọ, ó kọ́ kọ̀m̀pútà náà. Bàálù kan kò sùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní pápá wa, àwọn àgbà kì í gba iwájú mọ́.

Nígbà tí Hamoud fẹ̀yìn tì, ó wá sí ìdí káńtà bí èrò. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìlà ogún. Zuwaina wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.”

Ó fún un ní ìlà kẹrìnlá. Ó gbà á.